Ètò Ìṣirò Ọ̀sẹ̀ Ọgọ́ta

Bí ẹ bá pàdé Tíṣà Dáhùnsí ní Ajégúnlẹ̀, ẹ má pè é ní tíṣà. Inú á bí i. "Ọ̀gá Ìṣirò" ni kí ẹ pè é, kí ẹ sì rọra pè é, torí orúkọ náà wúwo, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbé e lé ara rẹ̀ lórí. Dáhùnsí, akọ nọ́ńbà! Ẹkùn tí ń fi ṣọ́ọ̀kì dẹ́rù ba ọmọ ọdún mẹ́fà! Ọkùnrin tó ní bí òun bá wúkọ́ ní kíláàsì, bọ́ọ̀dù á dáhùn.

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìyáàfin Moyọ̀sọ́rẹ, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Mọ́mì, ló ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ níbẹ̀. Àwọn ọmọ Pírámárì Tú ń kọ mẹ́fà síbi tó yẹ kí wọ́n kọ mẹ́sàn-án. Òbí mẹ́tàdínlógún kọ lẹ́tà pé àwọn máa kó ọmọ àwọn lọ. Mọ́mì wá pàṣẹ kí wọ́n ṣe ètò ìṣirò tuntun fún odindi ọdún, láti Pírámárì Wán dé Tírì, kí wọ́n sì gbé e síwájú àwọn òbí ní Sátidé tó ṣáájú ìwọlé. Ẹni tí ètò rẹ̀ bá wọlé ni yóò di olórí ìṣirò.

Àdùfẹ́, tíṣà Pírámárì Wán, ti fi oṣù kan gbáko kọ tirẹ̀ sínú ìwé. Ó mú un wá fún Dáhùnsí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wò ó."

Dáhùnsí fi ìka méjì gbé ìwé náà bí ẹni gbé òkú eku.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lórí oókan sí ẹẹ́wàá? Pẹ̀lú ìdérí ìgò mínírà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Bí wọ́n bá fọwọ́ kà á, á yé wọn. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún wá jẹ́ àtúnyẹ̀wò. Mo tún fi ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ ní tọ́ọ̀mù kẹta nítorí òjò. Ẹ mọ̀ pé omi kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ àdúgbò yìí lè wá."

"Òjò! Ìṣirò ò mọ òjò, Àdùfẹ́. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni gbogbo rẹ̀?"

"Mọ́kàndínlógójì sà. Mo ti yọ họ́lídè."

"Ètò tó rù báyìí, ètò aláìsàn ni. Tèmi máa sanra."

Ó délé, ó ronú. Ó rántí pé oṣù tó kọjá ní Sátidé márùn-ún. Ojú ara rẹ̀ ló fi kà á. Àṣé oṣù kan, ọ̀sẹ̀ márùn-ún! Oṣù méjìlá lọ́nà márùn-ún, ọgọ́ta! Ara rẹ̀ yá gágá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi mọ́kàndínlógójì ṣeré, òun ní ọgọ́ta! Ayọ̀ náà pọ̀ débi pé kò bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ó gba ọ̀dọ̀ Cyril lọ, ẹni tó ń tẹ bánà nítòsí Warehouse Road. Bánà ọ̀hún gùn bí ògiri kíláàsì. Àwòrán Dáhùnsí gba ìdajì; ọ̀sẹ̀ ọgọ́ta fún ara wọn mọ́ ìdajì yòókù. Ọ̀sẹ̀ kìíní: oókan títí dé ẹgbẹ̀rún. Ọ̀sẹ̀ kejì: ìròpọ̀ àti ìyọkúrò, kí méjèèjì tán kó tó di Ọjọ́rú.

"Oga," Cyril béèrè, "ọmọ ọdún mélòó lẹ fẹ́ kọ́ ní gbogbo èyí?"

"Ọdún mẹ́fà."

Cyril ṣe àmì àgbélébùú sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó di Sátidé, gbọ̀ngàn kún. Àwọn awakọ̀ tírélà wá, àwọn òṣìṣẹ́ wáàfù wá. Dáhùnsí wọ kóòtù nínú ooru tó ń yọ́ àbẹ́là, ó sì ti fi okùn so bánà rẹ̀ mọ́ ògiri.

"Ẹ̀yin òbí," ló fi bẹ̀rẹ̀, "ẹ ti rí ètò rí, ẹ ò tíì rí ìyá ètò! Àwọn kan fẹ́ kí ọmọ yín fi oṣù kan ka ìdérí ìgò. Ṣé ọmọ yín fẹ́ máa ṣa ìgò kiri ni?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Àdùfẹ́ tẹrí ba.

"Tèmi, ọ̀sẹ̀ ọgọ́ta gbáko láàárín ọdún kan ṣoṣo! Ẹ bi mí ní ohunkóhun. A kì í fi omi dẹ́rù ba ẹja!"

Nkechi nawọ́. Ìyàwó Tamuno awakọ̀ tírélà ni, oyún inú rẹ̀ sì ti ga débi pé ó ń gbé ìwé lé e lórí.

"Ọ̀gá Ìṣirò, ẹ jọ̀ọ́, oṣù kan, ọ̀sẹ̀ mélòó?"

"Márùn-ún!" Ó tilẹ̀ na ìka márààrún sókè.

"Oyún oṣù mẹ́sàn-án wá jẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó?"

Dáhùnsí wo òrùlé. "Márùndínláàádọ́ta."

"Yéè!" Nkechi di ikùn mú. "Nọ́ọ̀sì ní ogójì ni o! Ta ló máa bá mi gbé márùn-ún tó lé?"

Gbọ̀ngàn dà rú. Tamuno fò dìde. "Oga Teacher, abeg, no add join my wife belle!"

Àwọn èèyàn ń lu bẹ́ńṣì. Lábẹ́ kóòtù, òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í ka eegun ẹ̀yìn Dáhùnsí lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọdún... ọdún ìṣirò yàtọ̀ sí ọdún oyún," ló wí.

Mọ́mì kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí kàlẹ́ńdà inú fóònù rẹ̀, ó nà án sí i. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ ìwọlé ní Sẹ̀tẹ́ńbà. Ẹ kà á sókè."

Ó ń kà, gbọ̀ngàn ń bá a kà bí ọmọ nọ́sìrì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógún, wọ́n kan Kérésìmesì.

"Kí lẹ máa kọ́ wọn lọ́jọ́ náà?" Bàbá Àṣírù béèrè látẹ̀yìn. Ó wo ọ̀sẹ̀ náà lórí bánà. "Pínpín! Pínpín ìrẹsì ni!"

Nígbà tí wọ́n ka ọ̀sẹ̀ kejìléláàádọ́ta tán, wọ́n ti padà sí Sẹ̀tẹ́ńbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣì dúró lórí bánà, wọn ò rílé wọ̀.

"Àwọn ọmọ ti wọ kíláàsì tuntun," Mọ́mì wí, "ètò yín ò tíì jáde nínú ti tẹ́lẹ̀. Ẹ ò tiẹ̀ yọ họ́lídè kúrò?"

"Ìyọkúrò... ọ̀sẹ̀ kejì ni, mà."

"Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lónìí. Mo yọ yín kúrò nínú ìdíje."

Ó ní kí Àdùfẹ́ sọ tirẹ̀. Ọmọbìnrin náà ṣí ìwé rẹ̀, ó ń kà á; nígbà tó dórí ọ̀sẹ̀ òjò, àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. "Òun mọ àdúgbò wa," ẹnì kan wí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ kíkó ọmọ lọ.

Dáhùnsí fẹ́ rọra gba ẹ̀gbẹ́ ògiri jáde. Okùn bánà kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Gbìì! Bánà já, ó wé e. Ojú ńlá ń rẹ́rìn-ín níta, ojú kékeré ń wá atẹ́gùn nínú.

"Láti Mọ́ńdè," Mọ́mì wí fún ojú méjèèjì, "ẹ máa jókòó lẹ́yìn ní Pírámárì Wán fún tọ́ọ̀mù kan, kí Àdùfẹ́ máa kọ́ yín."

Dáhùnsí yọrí jáde. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó rọra béèrè:

"Tíṣà Àdùfẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀sẹ̀ mélòó ni tọ́ọ̀mù kan?"

"Mẹ́tàlá, sà."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà á. Nígbà tó dé ẹẹ́wàá, ìka tán. Ó dúró, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Nkechi na ìka mẹ́ta yá a.