Bùráúnì Tí Mo Ṣe fún Ìyá Fúnmi

Kò sí bí mo ṣe lè darúgbó tó tí ọ̀sán Sọ́ńdè kan báyìí, nínú yàrá tí mo gbé ní Joju, ládùúgbò Sàngó Ọ̀tà, yóò kúrò lọ́kàn mi. Bí mo bá rántí rẹ̀ nínú ọkọ̀ òṣìṣẹ́, ńṣe ni mo máa ń dá rẹ́rìn-ín, tí ẹni tó jókòó tì mí á sì rọra sún sẹ́yìn.

Àpọ́n ni mí nígbà náà. Iléeṣẹ́ bisikíìtì kan ní Agbara ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ má rò pé èmi ni mò ń po ìyẹ̀fun o; páálí ni mo ń fi téèpù lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbóòórùn bisikíìtì láti àárọ̀ dalẹ́, kò ní pẹ́ kó tó máa rò pé òun náà ti mọ nǹkan yíyan.

Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti pàdé Fúnmi. Ó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì tuntun tó ń yọ káàkiri agbègbè Ọ̀tà lásìkò yẹn. Ọ̀rọ̀ wa ti wọ̀, ó ku kí ìyá rẹ̀ tó ń gbé ní Àtàn wá rí mi. Màámi yìí kì í ṣe ẹni téèyàn ń bá ṣeré. Olórí àwọn ọ́ṣà, àwọn tó ń fi èrò jókòó, ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn. Bí wọ́n bá ti yíjú sí ẹni tó ń tòògbé, onítọ̀hún á ta jí, á sì máa ṣí Bíbélì kiri.

Mo bi Fúnmi pé kí ni màámi rẹ̀ fẹ́ràn láti jẹ.

"Bùráúnì," ló dáhùn. "Èyí tí wọ́n fi ṣokoléètì àti míńtì sí. Mo mú díẹ̀ wálé láti ibi iṣẹ́ níjọ́sí, wọn ò jẹ́ kí n tọ́ ọ wò."

Èmi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó fi fídíò kan hàn mí lórí fóònù: kéèkì pẹlẹbẹ kan ni, ó dúdú bí kòkó, ó rọ̀ nínú, míńtì inú rẹ̀ sì máa ń tutù lẹ́nu. Wọ́n ní ó rọrùn láti ṣe nílé. Obìnrin tó ń pò ó ń rẹ́rìn-ín ni, kò tiẹ̀ làágùn.

"Sọ fún wọn pé èmi fúnra mi ni màá ṣe é."

"Ṣé ó dá ẹ lójú? A lè rà á o."

"Rà kẹ̀? Èmi òṣìṣẹ́ bisikíìtì?"

Nígbà tó di Sátidé, mo gba ọjà Sàngó lọ. Mo rí fúláwà, bọ́tà, kòkó lílọ̀, ẹyin àti ṣúgà. Míńtì ni mi ò rí. Mo ṣàlàyé fún obìnrin oníṣọ́ọ̀bù kan pé ohun kan ni tó máa ń tutù lẹ́nu. Ojú rẹ̀ là. "Ohun tó ń tutù lẹ́nu? Ẹ ò tètè sọ!" Ó bá na ọ̀rá súìtì kan sí mi, irú èyí tí àwọn tí ọ̀fun ń dùn máa ń lá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Mo gún súìtì náà nílé, mò ń tọ́ ọ wò bí mo ṣe ń gún un. Mo bu díẹ̀ sínú àpòpọ̀ mi, mo lá a, mi ò gbọ́ adùn míńtì kankan. Mo tún bù sí i. Kò yé mi pé ahọ́n mi ló ti kú látàrí súìtì tí mo ti ń lá látàárọ̀. Bí mo ṣe da gbogbo rẹ̀ sí i nìyẹn.

Mi ò ní ófùn. Ìyá Kúdí, aládùúgbò mi, ló kọ́ mi pé kí n da yanrìn sí ìsàlẹ̀ ìkòkò ńlá, kí n gbé agolo kéèkì lé e, kí n dé e pa lórí gáàsì. Ẹ̀yìn ilé ni mo ti lọ bu yanrìn. Òjò ti pa á, mi ò sì sá a gbẹ. Kò pẹ́ tí èéfín míńtì fi bẹ̀rẹ̀ sí í rú jáde, ó gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Ìyá Kúdí sáré wọlé, omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Bùrọ̀dá, ta ni òtútù ń mú? Imú Kúdí tó ti dí látọjọ́ yìí ti là o! Ẹ ṣeun gan-an."

Bùráúnì náà jáde, ó dúdú, ó rọ̀, ó ń dán. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Mi ò tọ́ ọ wò, mo fẹ́ kó pé fún àlejò mi. Mi ò sì rò ó rárá pé súìtì tó bá yọ́, bó bá tutù, á tún padà di súìtì ni.

Ní ọ̀sán Sọ́ńdè, ọ̀bẹ ò wọ̀ ọ́. Àdá onílé ni mo lọ yá. Mo tò ó sínú àwo, mo pè é ní kíríṣípí, bíi bisikíìtì gbígbẹ, lọ́kàn ara mi.

Màámi wọlé pẹ̀lú Fúnmi, wọ́n gbàdúrà, wọ́n mú ẹyọ kan, wọ́n gé e jẹ. Súìtì bá lẹ̀ mọ́ wọn léyín. Ẹnu wọn ò ṣí mọ́. Omi ń ṣàn lójú wọn.

"Màámi, ó dùn àbí?" Fúnmi bi wọ́n.

"Mmmm!"

"Ẹ mú òmíràn, Mà," mo rọ̀ wọ́n.

Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di bùráúnì náà mú, wọ́n fà á. Ó jáde. Eyín òkè wọn bá a jáde.

Fúnmi figbe ta. "Yéè! Ó ti yọ eyín màámi mi!"

Mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ dákun, Mà, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́sibítù!"

Màámi fi ìbòrí wọn bo ẹnu. "Ẹ dákẹ́ ariwo jàre!" Afẹ́fẹ́ ń gba iwájú ẹnu wọn jáde. "Mo rà á ni!"

Fúnmi la ẹnu sílẹ̀. Òun náà ò mọ̀ rí pé eyín rírà ni.

Bí mo ṣe jókòó sílẹ̀ nìyẹn, tèmi ti abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì tuntun, tí mò ń yọ súìtì kúrò lára eyín ìyá àfẹ́sọ́nà mi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bi mí ní gbogbo ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ wá.

"Ọmọ ibo ni ẹ́?"

"Ìwó ni, Mà."

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Páálí ni mo máa ń lẹ̀, Mà."

"Mo ti mọ̀," ni wọ́n dáhùn. "Iṣẹ́ nǹkan lílẹ̀ yẹn mọ́ ẹ lọ́wọ́."

Èmi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín. Àwọn gan-an ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n gbàgbé láti bo ẹnu. Wọ́n ní ó ti pẹ́ táwọn ti rẹ́rìn-ín báyẹn lójú èèyàn, torí àwọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí eyín náà. Fúnmi dì mọ́ wọn, òun náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ gáfárà pé bóyá kí n wá kí wọn dáadáa lọ́jọ́ mìíràn.

"Ìkíni wo?" Màámi gba eyín wọn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n dá a padà sáyè rẹ̀. "Ẹni tó ti fọ eyín mi, ṣé àlejò nìyẹn ni?"

Ohun tí mo kọ́ nìyí: bí o bá se nǹkan, kọ́kọ́ jẹ́ kó tutù, kí o fi eyín ara rẹ dán an wò. Ìyá ìyàwó mi ni Màámi lónìí. Títí di bí mo ṣe ń sọ yìí, bí mo bá gbé àwo oúnjẹ wá síwájú wọn, wọ́n á kọ́kọ́ yọ eyín sínú báàgì, wọ́n á wá ní, "Ó yá, gbé e wá." Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo máa ń gbé e fún wọn ni, mo sì máa ń rẹ́rìn-ín ẹlẹ́bi.