Ọjọ́ Tí Fàdérera Pe Orúkọ Bàbá Ọkọ Rẹ̀

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà ìdí kọ̀ǹpútà fi ń pa á lówe pé, "Ìnagijẹ ló dùn ún pè, orúkọ àbísọ ló ń ṣílẹ̀kùn"? Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Ibi tí iṣẹ́ bá wà ni àgbà wà, ibi tí àgbà bá sì wà, òwe kì í wọ́n níbẹ̀.

Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Fàdérera. Òun ló ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan. Igba ni wọ́n, ọ̀kan nínú wọn ló ń kó èsì ìdánwò pamọ́. Bàbá ọkọ Fàdérera, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ló fi ẹ̀rọ ọ̀hún ta ilé ẹ̀kọ́ lọ́rẹ, ni wọ́n bá fi orúkọ bàbá sọ ọ́: Láníhun.

Wàhálà dé. Ìyàwó ilé wo ló máa la ẹnu pe bàbá ọkọ rẹ̀ lórúkọ? Fàdérera ò tiẹ̀ lè fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ló bá fún ẹ̀rọ ní ìnagijẹ tó fi ń pe bàbá fúnra rẹ̀ nílé: Bàbá-Afínjú. Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ mú èsì jáde, Bàbá-Afínjú ló ń pè, ẹ̀rọ sì ń jẹ́ ẹ. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀.

Àfi bí ọ̀gá tuntun ṣe dé, Ọ̀gá Ṣówándé. Kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan tó fi gbé aṣọ́bodè orí kọ̀ǹpútà kan wá, Kábérọ́ọ̀sì. Wọ́n ní orúkọ ajá olórí mẹ́ta kan nínú ìtàn àwọn Gíríìkì ni, ni gbogbo wọn bá ń pè é ní Ajá. Ajá yìí ní kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan fẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ tó ń jẹ́, ó kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ Ajá.

Lọ́jọ́ kan, ó ku ọ̀la kí irinwó ọmọ gboyè. Bí èsì wọn ò bá dé ilé ìtẹ̀wé tó ń tẹ ìwé ẹ̀rí kí aago méjì ọ̀sán ọjọ́ náà tó lù, ó di ọdún tó ń bọ̀. Bánjí, àbíkẹ́yìn bàbá, wà lára wọn. Ọmọ náà ti fi ọdún méje ka ìwé ọdún mẹ́rin.

Ni Fàdérera bá lọ gba tíkẹ́ẹ̀tì.

Ajá ní, "Ta lò ń wá?"

"Bàbá-Afínjú."

"Kò sí nínú ìwé mi."

Fàdérera rò ó pé bóyá ọ̀wọ̀ ni kò tó. Ó fi ìnagijẹ mìíràn lé ti àkọ́kọ́, Kábíyèsí-Ilé-Wa. Ajá kọ̀. Ó dán Ọkọ-Ìyá-Ọkọ-Mi wò. Ajá kọ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, Ajá ní olè ni, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn fún wákàtí kan gbáko. Fàdérera sáré lọ pe Ọ̀gá Ṣówándé.

Aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú ni bàbá wọlé fúnra rẹ̀.

"Ìyàwó, wọ́n ní èsì ọmọ mi ò tíì jáde?"

Fàdérera kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán sà. A ti ń ṣe é sà."

Ọ̀gá Ṣówándé ti jókòó sídìí ẹ̀rọ tirẹ̀. "Ìyáàfin, ó rọrùn. Màá kọ ọ́ sí i pé tó bá gbọ́ ìnagijẹ, kó kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ni ín, kó wá fi orúkọ gidi gba tíkẹ́ẹ̀tì. Kí ni ẹ̀rọ yìí ń jẹ́ gan-an?"

"Sà?"

"Igba orúkọ ló wà nínú ìwé Ajá, mi ò mọ èwo ni."

Fàdérera wo bàbá, ó wo aago. Ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Mi ò gbọ́!" ni ọ̀gá wí.

Ojú Bánjí sọ sí i lọ́kàn. Irinwó ọmọ! Obìnrin náà di ojú, ó pariwo: "Láníhun!"

"Ẹn?" ni bàbá dáhùn.

Fàdérera dojú bolẹ̀. "Ẹ forí jì mí sà, kì í ṣe ẹ̀yin!"

Ọ̀gá tẹ̀ ẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì jáde. Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́rin ni èsì wọ ilé ìtẹ̀wé, ti Bánjí sì ni ìkẹyìn.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Dìde, ìyàwó. O ti pè mí, mi ò sì kú."

Ibi tí wọ́n ti ń dúpẹ́ ni wọ́n gbọ́ gbàgà-gbàgà lára ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Káàdì ló ń ṣí ilẹ̀kùn yẹn, ní wíwọlé àti ní jíjáde; àṣé akọ̀wé àgbà ilé ẹ̀kọ́ ló yá ti Fàdérera wọlé, nígbà tí Ajá sì pe Fàdérera lólè, ó pa káàdì náà mọ́ akọ̀wé lọ́wọ́.

"Ta ni?" ni bàbá bi í.

"Èmi Ẹkùn Òkè-Odò ni! Ẹ ṣílẹ̀kùn!"

Bàbá fara ti ilẹ̀kùn, ó ní, "Ẹkùn, ẹ rọra. Ìnagijẹ ló dùn ún pè, orúkọ àbísọ ló ń ṣílẹ̀kùn."