Ìtọ̀ Gbọ̀n Àna Nílé Ìṣẹ̀ǹbáyé

Kí wọ́n tó wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rárá ni ìtọ̀ ti ń gbọ̀n ọ̀gbẹ́ni kan, oníṣẹ́ omi ẹ̀rọ tó ń to páìpù.

Ẹnu wo ló fẹ́ fi sọ ọ́? Ìyá ọmọ tó fẹ́ fẹ́ ló dúró tì í gbàgìdì yẹn. Láti ilé ni ọmọge sì ti kìlọ̀ fún un: "Ohunkóhun tí màmá mi bá bi ọ́, ṣáà fèsì. Tó o bá dákẹ́, kò síyàwó o."

Lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin tó ń mú àlejò káàkiri ní, "Ẹ má kàn máa wò ó. Ẹ máa bá ara yín sọ ọ́, ìyẹn ló ń jẹ́ kó yé èèyàn."

Ó ti da epo síná.

Wọ́n dé ìdí ìkòkò kan.

"Ọmọ mi, kí lo rò pé amọ̀kòkò yìí ń rò lọ́kàn?"

Ọ̀gbẹ́ni fẹsẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀, ó ń jó ijó tí kò nílù. "Pé kóun tètè parí, mà."

"Kí ló ń kán an lójú?"

"Kò ṣeé sọ, mà."

Ẹ̀rín ń pa èmi tí mò ń ròyìn ẹ̀.

Ó di ìdí ọkọ̀ ojú omi àtijọ́.

"Báwo lo rò pé omi ṣe máa ń ró lára ẹ̀?"

"Ṣọ̀ọ̀, mà."

"Bí i báwo?"

"Ṣọ̀ọ̀ṣọ̀ọ̀ṣọ̀ọ̀." Omijé lé ròrò sójú ẹ̀.

Ìyá tẹjú mọ́ ọn. "Ọkọ̀ yìí mà wọ̀ ọ́ lára o. Ọmọ mi ti rí ọkọ."

Ọ̀gbẹ́ni ò jẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín nírú ipò yẹn, ìtọ̀ tú nìyẹn.

Ni ìyá bá sún mọ́ etí ẹ̀. "Ó dáa, o ti di ọmọ, mi ò tijú ẹ mọ́. Láti ìdí ìkòkò yẹn ni ìtọ̀ ti ń gbọ̀n mí. Ọ̀rọ̀ ni mo fi ń gbàgbé ẹ̀. Ibo ni ilé ìtọ̀ wà?"

Wọ́n bá jọ mórí lé e, kìtìkìtì. Ilé ìtọ̀ kan ṣoṣo, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ìwọ̀nba tí ìtọ̀ gbà fún un. "Ẹ wọlé, mà. Àgbà ló ń ṣíwájú."

Gbàgà, ilẹ̀kùn tì. Ó di ògiri mú.

Ó gbọ́ omi: ṣọ̀ọ̀. Ó ní Ọlọ́run ṣeun.

Ilẹ̀kùn ò ṣí.

"Ọmọ mi, ṣé o ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí, mà."

"Iṣẹ́ ẹ mà lèyí. Omi tó ṣàn lọ yìí, ibo ló gbà lọ? Rọra ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Mo ti jókòó padà."