Àforíjì Tí Dókítà Kọ́ Àjíkẹ́

Bí ẹ bá dé Totsi, àdúgbò kan ní Lomé, tí ẹ rí ọkùnrin kan tó wọ kóòtù nínú oòrùn ọ̀sán, tó ń mu omi gbígbóná nínú fúláàsì, ẹ má bẹ̀rù, ara rẹ̀ dá. Dókítà Ghislain Abáyọ̀mí ni, ọ̀mọ̀wé òfin àyíká, Afi-òfin-wé-òfin, Abọ̀-Ṣáínà-má-gbàgbé. Oṣù mẹ́sàn-án ló lò ní Ṣáínà. Aboyún tó lo oṣù mẹ́sàn-án a máa bí ọmọ. Ìgbéraga ni Dókítà bí ní tirẹ̀, ó sì ń tọ́ ọ dáadáa.

Ẹ ní ata wọ́n, ẹ ní òjò ń ṣú, ohun kan náà ni yóò fi dá yín lóhùn: "Ní Ṣáínà, bẹ́ẹ̀ kọ́."

Ohun tó fẹ́ràn jù nínú òfin wọn ni àforíjì. Lọ́hùn-ún, bí ènìyàn bá ba odò jẹ́, ilé ẹjọ́ lè ní kó san owó àtúnṣe, kó sì tún tọrọ àforíjì ní gbangba. Orí èyí ni Dókítà kọ ìwé rẹ̀ lé. Ìwé yìí ló fẹ́ fi di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ òfin àyíká tuntun tí àwọn ará Ṣáínà fẹ́ dá sílẹ̀ ní Lomé. Madame Lín, ọ̀jọ̀gbọ́n tí yóò yan ọ̀gá náà, ti ń bọ̀ wá kí i nílé.

Nítorí àlejò yìí ni Dókítà ṣe kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun, tó ń dán gbinrin. Rosalie ìyàwó rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò yíká.

"Kòtò rẹ̀ dà? Níbo ni ìdọ̀tí ń gbà lọ?"

"Kòtò wọ́n. Mo ti na páìpù gba abẹ́ ògiri bọ́ sí gọ́tà. Ta ló máa rí i?"

Àwọn àgbà ní kí ẹni tó ń gbẹ́ kòtò ìkà má gbẹ́ ẹ jìn. Dókítà ò tilẹ̀ gbẹ́ rárá, owó rẹ̀ ló ń ṣọ́. Láti ọjọ́ náà ni gọ́tà ti ń rùn.

Òórùn yẹn ló wá fún un ní ọgbọ́n. Ó fẹ́ kí Madame fojú ara rẹ̀ rí ẹni tó ń tọrọ àforíjì bí ìwé ṣe wí, ẹlẹ́bi nìkan ló kù. Ẹlẹ́bi ò sì jìnnà: Àjíkẹ́, ọmọ Kétu, tó ń din ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà.

"Àjíkẹ́, òróró tí ò ń dà sí gọ́tà ló ń rùn."

"Òróró tí mo fowó rà, Dókítà? Kí ni mo fẹ́ dà á nù sí?"

"Ní Ṣáínà, wọn kì í jiyàn. O máa tọrọ àforíjì níwájú àlejò mi, àbí kí n pe mèrì, àwọn ìjọba ìlú, kí wọ́n wá kó ìsọ̀ rẹ."

Ìsọ̀ yẹn ni àwọn ọmọ Àjíkẹ́ fi ń jẹun. Ó gbà, ó sì dùn ún. Láràárọ̀ ni Dókítà ń kọ́ ọ bí ẹni ń kọ́ ọmọ lórin: "Èmi tí mo ba omi jẹ́. Tẹrí ba. Gbé ohùn sókè. Jẹ́ kó dùn ọ́." Obìnrin náà kọ́ ọ títí tó fi mọ̀ ọ́n bí orúkọ ara rẹ̀.

Kí àdúgbò lè mọ́, nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí àlejò dé, Dókítà ní kí ẹnikẹ́ni má dáná létí gọ́tà mọ́. Ó ní kí ará ilé rẹ̀ náà má fẹsẹ̀ kan ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun. Gọ́tà gbẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Madame ń bọ̀, ó fi oògùn kan sínú omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tó sọ omi di aláwọ̀ aró, kí Madame lè mọ̀ pé ọ̀làjú ti dé Totsi.

Madame Lín dé. Àwọn olùkọ́ yunifásítì jókòó níwájú létí gọ́tà, ará àdúgbò dúró lẹ́yìn. Dókítà tẹrí ba, ó gbé fúláàsì lé e lọ́wọ́.

"Merci, Dókítà," ni Madame fi Faransé dúpẹ́. "Ooru ń mú mi. Ṣé omi tútù ò sí?"

Ó mu omi tútù dáadáa. Nígbà tó yá, ó béèrè ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Inú Dókítà dùn dé eyín. Bí Madame ti wọlé ni Dókítà kọjú sí èrò.

"Ẹni tó bá ba omi jẹ́ kò gbọdọ̀ fara pamọ́. Àwọn baba wa ní ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹni tó wá da ìdọ̀tí síwájú ńkọ́?"

Páìpù ló dá a lóhùn. Ó kọ́kọ́ kùn, ó wá pọ omi aró sínú gọ́tà gbígbẹ, pẹ̀lú ohun mìíràn tí a kò ní dárúkọ nítorí ọ̀wọ̀ àlejò. Omi náà ṣàn kọjá ààrò tútù Àjíkẹ́, ó dé ẹsẹ̀ àwọn olùkọ́. Wọ́n gbé bàtà sókè.

Ojú gbogbo èèyàn tẹ̀ lé omi náà padà: láti gọ́tà dé páìpù, láti páìpù dé ògiri, láti ògiri dé ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí. Madame Lín jáde, ó wo omi, ó wo páìpù.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ lọ́kàn mi pé omi ilé yín lẹ́wà, Dókítà."

"Madame, Àjíkẹ́ ni..."

"Àjíkẹ́ ò dáná láti ìjẹta," ni Rosalie sọ láti ẹnu ọ̀nà ilé. "Ẹ̀yin náà lẹ ní kó má dáná."

Madame Lín jókòó. "Mo ka ìwé yín. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí ẹni tó ga ju àforíjì lọ. À ń gbọ́."

Ipò ọ̀gá ti bá omi aró lọ, Dókítà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wá gbólóhùn àforíjì tì. Gbogbo ìwé orí rẹ̀ ti pa dé. Àjíkẹ́ rìn wá láti ẹ̀yìn èrò, ó dúró tì í.

"Èmi tí mo ba omi jẹ́," ni ó wí jẹ́jẹ́.

"Èmi tí mo ba omi jẹ́," ni Dókítà gbà á lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ tẹrí ba."

Ó tẹrí ba.

"Ẹ gbé ohùn sókè, Dókítà. Ẹ jẹ́ kó dùn yín."