Ẹnjiníà Ọláwuyì àti Àwọn Ẹlẹ́rìí Táńkì Íńkì Rẹ̀

Bí ẹ bá pàdé Dennis Ọláwuyì ní títì Enugu, mo bẹ̀ yín, ẹ má pè é ní Bùrọ̀dá Dennis. Mo ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí, tí bàbá náà kọ ẹ̀yìn sí i lójú gbogbo ìjọ. Ẹnjiníà ni kí ẹ pè é. Bí àyè bá gbà yín, ẹ fi Dókítà sí i. Bí ẹ bá sì ní ohun tí ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fi Alàgbà kún un, kí ẹ mọ̀ pé ẹ ò ní rí i gbà náà.

Ilé-ẹ̀kọ́ tó ti kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Èyí tó fún un ní Dókítà, inú fóònù ló wà. Iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbé e wá láti Ìbàdàn ni pé kó máa ṣọ́ yàrá tí wọ́n ń kó bébà àti báírò sí ní ọ́fíìsì kan. GRA ló ń gbé, kò purọ́ níbẹ̀. Ohun tí kì í sọ ni pé yàrá kan lẹ́yìn ilé olówó ni, àti pé ajá olówó náà ló ń gbé ibẹ̀ kó tó dé.

Ó kọ oríkì ara rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì fún Dayọ̀, olórí akọrin wa, kó máa kà á níbi gbogbo tí òun bá ti ń wọlé: Ọláwuyì, Ọpọlọ-kan-ṣoṣo-Enugu, A-rọ-íńkì-bí-ẹni-rọ-ọtí, Ọkọ Pírìńtà, Baba Kátíríìjì. Èmi náà ní oríkì tèmi fún un, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣe.

Mojíbọ́lá lorúkọ mi. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní àdúgbò Asata, níbi tí mo ti ń bá àwọn èèyàn tẹ fọ́ọ̀mù ilé-ìwé, ìwé ètò ìsìnkú àti ìwé ìpè ìgbéyàwó. Pírìńtà kan péré ni mo ní. Òun ló ń bọ́ mi láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, òun náà ló ń rán Fìyìnfólúwa ọmọ mi lọ sílé-ìwé.

Kátíríìjì, ìyẹn ike íńkì tó ń wọ inú pírìńtà, wọ́n kọjá ohun tí apá wa ká. Nítorí náà, gbogbo àwa tá à ń tẹ̀wé ní Asata máa ń so ike kéékèèké mọ́ ẹ̀gbẹ́ pírìńtà, a ó fi rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi sí aláìsàn lára so ó mọ́ inú ẹ̀rọ, íńkì á sì máa ṣàn wọlé díẹ̀díẹ̀. Bó bá tán, a ó tún rọ òmíràn sí i. Okwudili tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ló kọ́ mi. Ẹlòmíràn ló kọ́ òun náà.

Lọ́jọ́ tí Ẹnjiníà wá tẹ ìwé ètò ọjọ́ ìbí rẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ojú rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ki imú bọ inú íńkì.

"Mojí, kí lèyí?"

"Táńkì íńkì ni, sà."

"Ta ló ṣe é?"

"Kò sẹ́nì kan tá a lè pè, sà. Gbogbo wa la ń ṣe é."

Ó gbé orí sókè, ó rẹ́rìn-ín. Mo rò pé íńkì ló dùn mọ́ ọn. Mi ò mọ̀ pé nǹkan tí kò ní baba ló ti rí, àti pé ó ti ń gbèrò àtidi baba rẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ló dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì àwa Yorùbá ní Uwani, ó ní Ọlọ́run fi ìran hàn òun, òun sì ti ṣe táńkì íńkì tí aráyé ò rírú ẹ̀ rí. Ó ní òun ń lọ gba pátẹ́ńtì, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń sọ pé ìwọ lo kọ́kọ́ ronú kan nǹkan, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe é láìgbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ mi ò gbéra.

Lọ́jọ́ kejì ó ti dé Asata pẹ̀lú sítíkà pupa tó ya àwòrán ara rẹ̀ sí, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó kọ sí i ni: TÁŃKÌ TI ẸNJINÍÀ ỌLÁWUYÌ. ẸNI TÓ BÁ ṢE É Á ṢẸ̀WỌ̀N.

"Mojí, bí pátẹ́ńtì mi bá ti jáde, ọ̀dọ̀ mi lẹ ó ti máa ra táńkì, ọ̀dọ̀ mi lẹ ó ti máa ra íńkì. Ẹni tí kò bá fẹ́, màá gbé pírìńtà rẹ̀ lọ."

"Ẹnjiníà, ọ̀dọ̀ mi níbí lẹ ti rí i, sà."

"Ta ló máa gbà ọ́ gbọ́? Ìwọ àti èmi, ta ni Dókítà?"

Nígbà tó lọ tán, Okwudili yọ orí sí mi. "Madam, this man na your brother. Abeg talk to am."

"No be my brother," ni mo dá a lóhùn. "Na my cross."

Mo ń ṣe ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí. Mo mọ ọkùnrin yẹn. Bó bá rí ìwé yẹn gbà, pírìńtà mi ni yóò kọ́kọ́ gbé, kó lè fi hàn pé òun gba Ọlọ́run gbọ́ jù mí lọ.

Ó yẹ kí ẹ mọ ohun kan nípa Ẹnjiníà. Ó ti jàre ẹjọ́ ilẹ̀ rí nílé wọn, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Àwọn arúgbó ló kó lọ sí kóòtù, wọ́n sì búra pé ó ti pẹ́ táwọn ti ń rí bàbá rẹ̀ lórí ilẹ̀ náà, ní gbangba, tí ẹnikẹ́ni ò bá a du ú. Adájọ́ gbé ilẹ̀ fún un. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ọgbọ́n òfin tó kù láyé ti parí lójú rẹ̀.

Nítorí náà, lẹ́yìn ìsìn, ó kó àwọn àgbà ìjọ jọ.

"Ohun tí ẹ máa sọ ò le. Ẹ ṣáà ní ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń rí táńkì yìí lọ́wọ́ mi, ní gbangba. Bó bá ṣe pẹ́ tó ló máa dáa tó."

Ìyá Tẹ́ní, olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá, ní ọkàn òun ò balẹ̀. "Ẹnjiníà, ṣé ìyẹn ò ní jẹ́ irọ́ báyìí?"

"Irọ́ kọ́, Mà. Ìrántí ni."

Ó yíjú sí mi. "Mojí, bí ìwọ náà bá jẹ́rìí, màá ṣàánú pírìńtà rẹ." Mo ní kí Ọlọ́run ṣàánú gbogbo wa, mo sì gbé báàgì mi.

Ọjọ́ tí ìjọba máa yẹ táńkì náà wò fún pátẹ́ńtì pé. Gbọ̀ngàn kan ní GRA ni wọ́n lò, gbangba sì ni, kí ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ lè wá sọ ọ́. Ẹnjiníà kó àwọn àgbà ìjọ kún bọ́ọ̀sì kan wá, wọ́n ń jẹ okpa gbígbóná bọ̀ lọ́nà. Àwa ará Asata fi kéké wá, a jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ojú tó pọ́n.

Olùyẹ̀wò tó ti Abuja wá ń jẹ́ Madam Evelyn, ọmọ Enugu ni, ó ń rọra sọ̀rọ̀. Òyìnbó ló ń sọ, Yorùbá ni mo fi ń rò ó fún yín.

"Ohun kan ṣoṣo la wá wò," ló wí. "Ṣé tuntun ni? Bí àwọn èèyàn bá ti rí nǹkan náà ní gbangba kí ẹ tó mú un wá bá wa, ì báà jẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin fúnra yín, kì í ṣe tuntun mọ́. A ò lè fún yín ní pátẹ́ńtì lé e."

Mo wá Ẹnjiníà káàkiri gbọ̀ngàn, mi ò rí i. Ìta ló wà, wọ́n ń yà á ní fọ́tò níwájú pátákó tó ya orí ara rẹ̀ sí. Gbogbo ìgbà tí obìnrin náà fi ń ṣàlàyé, ó ń sọ fún oníkámẹ́rà pé kó tún òun yà láti apá òsì. Ó yẹ kí ẹnì kan lọ pè é. Mo wo ẹsẹ̀ mi, kò mira.

Nígbà tí wọ́n pè é, Dayọ̀ ló ṣáájú rẹ̀ wọlé pẹ̀lú oríkì. Ẹnjiníà ṣí aṣọ lórí pírìńtà rẹ̀. Táńkì mẹ́rin ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bíi tiwa gẹ́lẹ́, àfi pé ó mú kí wọ́n fi ike mọ ọmọrí táńkì kọ̀ọ̀kan bí orí èèyàn, tòun ti fìlà.

Madam Evelyn fọwọ́ kan ọ̀kan. "Ta nìyí?"

"Èmi ni."

"Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?"

"Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èmi dúdú, èmi pupa, èmi yẹ́lò, èmi búlúù."

Obìnrin náà wúkọ́ díẹ̀. Onínúure ni, mo rí i pé ó fẹ́ ràn án lọ́wọ́. "Ẹnjiníà, nígbà tí ẹ ṣe é tán, inú ilé lẹ pa á mọ́ sí, àbí?"

"Inú ilé kẹ̀? Ṣé mo jí i ni?"

"Bóyá ìyàwó yín nìkan ló rí i."

"Madam, ẹ má fi mí wọ́lẹ̀. Gbogbo Enugu ló rí i. Mo fi hàn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sọ ọ́ lórí rédíò. Ó wà lórí Fesibúùkù."

"Ẹ fara balẹ̀, sà. Ẹ rò ó dáadáa."

"Mo ti rò ó. Mo kó ẹlẹ́rìí wá."

Bàbá Ayọ̀wálé tó ti fẹ̀yìn tì ní rélùwéè ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní láti ìgbà tí òun ti wà lẹ́nu iṣẹ́ lòun ti ń rí Ọláwuyì pẹ̀lú táńkì yìí. Madam Evelyn bi í pé ìgbà wo ló fẹ̀yìn tì. Ó ní nígbà ayé ìjọba sójà ni, nígbà tí ọ́fíìsì àwọn ṣì ń lo táípúráítà. Ẹnjiníà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyá Tẹ́ní ò fẹ́ kí bàbá kankan ju òun lọ. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n sọ Tẹ́ní lórúkọ, Ẹnjiníà gbé táńkì náà wá síbẹ̀, gbogbo àlejò ló sì rí i. "Tẹ́ní náà ti di abiyamọ báyìí," ló fi kún un.

Ni mo bá dìde. Ẹnu ya Ẹnjiníà, lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo ti ronú pìwà dà.

"Gbogbo Asata ló mọ̀ ọ́n, mà," ni mo wí. "Nínú ṣọ́ọ̀bù mi gan-an, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, àwọn oníbàárà ń wọlé, wọ́n ń jáde, Ẹnjiníà bẹ̀rẹ̀ sídìí ẹ̀, ó ń wò ó. Kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀làwọ́ èèyàn ni."

Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. "Ọlọ́run á bù kún ẹ, Mojí," ni Ẹnjiníà wí. Mo ṣe àmín, tọkàntọkàn.

Madam Evelyn yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Sà, mo ń wá ọ̀nà fún yín, ẹ ń dí i. Ẹ̀yin fúnra yín ló jẹ́rìí pé táńkì yìí kì í ṣe tuntun. Ohun tí gbogbo èèyàn ti mọ̀ tó báyìí, gbogbo èèyàn ló ni ín. Ẹnikẹ́ni ní Asata lè ṣe é bó ṣe wù ú. Kò sẹ́ni tó lè gba pátẹ́ńtì lé e mọ́, títí ayé."

"Ṣùgbọ́n mo jàre ẹjọ́ ilẹ̀," ni Ẹnjiníà wí.

"Ilẹ̀ kọ́ lèyí, sà. Ohun tuntun kan ṣoṣo tí mo rí níbẹ̀ ni orí yín. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ lè gba ìwé lé ìyẹn. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni máa jí i."

Gbogbo ẹ̀yìn gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ojú Ẹnjiníà ràn. Àánú rẹ̀ ṣe obìnrin náà, ó dìde, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Àṣìṣe ńlá nìyẹn. Àwọn àgbà wa ò gbọ́ òyìnbó tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìbọwọ́. Ìyá Tẹ́ní dá orin ìṣẹ́gun, gbogbo ìjọ sì gbè é. Wọ́n jó yí Ẹnjiníà ká, wọ́n ń nu òógùn ojú rẹ̀. Dayọ̀ tún oríkì bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Oníkámẹ́rà ò dáwọ́ dúró. Àwa ará Asata náà bọ́ sí agbo, Okwudili ló sì jó jù, òun sì mọ ohun tó ń jó fún. Inú mi dùn débi pé mo bọ́ bàtà.

"Ẹ jókòó," ni Ẹnjiníà ń wí. Kò sẹ́ni tó gbọ́. Ó gòkè àga, ó pariwo: "Mo ní ẹ jókòó. Wọn ò fún mi."

Orin dá. "Wọn ò fún yín ní kí ni?" ni Bàbá Ayọ̀wálé bi í.

"Pátẹ́ńtì. Wọ́n ní kì í ṣe tèmi." Ohùn rẹ̀ wá kéré jọjọ.

Ìyá Tẹ́ní wò ó lórí àga tó wà, omi lé ròrò sí i lójú. Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó rìn lọ síwájú tábìlì Madam Evelyn, ó gbé báàgì rẹ̀ lé e.

"Madam, abeg, I never talk finish." Ó yíjú padà sí Ẹnjiníà. "Sọ̀ kalẹ̀, ọmọ mi, má bọkàn jẹ́. Ẹ̀rí tèmi ni ò pẹ́ tó. Sọ fún un pé kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti ń rí i."