Káfíńtà Tó Ń Di Ojú Nígbà Tí Ìyàwó Rẹ̀ Bá Ń Sọ̀rọ̀

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá yìí, olùpẹjọ́ kò gbé ohùn sókè rárá, síbẹ̀ òun ló sọ̀rọ̀ jù. Aránṣọ ni wọ́n ń pè é ládùúgbò. Adití ni, ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà náà kò gbọ́ràn, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, tó ń gbọ́ràn, ló wá ṣe ògbufọ̀. Èyí kò tẹ́ Aránṣọ lọ́rùn, ṣùgbọ́n kò sẹ́lòmíràn tó mọ èdè ọwọ́ níbẹ̀.

"Kí ni ọkọ rẹ ṣe?" Kábíyèsí béèrè.

Aránṣọ na ọwọ́. Ó sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀, títí ẹ̀wù rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ léjìká.

Ògbufọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó ní kò sí wàhálà púpọ̀."

Ètè ni Aránṣọ ń wò. Ọ̀rọ̀ tó gbà á ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹnu ẹ̀gbọ́n ọkọ ti sọ ọ́ tán kó tó ṣẹ́jú! Ó fi ọwọ́ gbá tábìlì.

"Ó tún ní kí ni?"

"Ó ní... ó ku díẹ̀, Kábíyèsí."

"Sọ díẹ̀ náà. Bó bá ṣe jáde lọ́wọ́ ẹ̀ ni kó o ṣe máa sọ ọ́, má yọ ọ̀kankan."

Ògbufọ̀ yíjú sí Kábíyèsí. "Ó ní, 'Tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ọkọ mi á di ojú. Màá fọwọ́ kàn án léjìká, á tún un dì pa. Oṣù mẹ́ta rèé tí mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà, kò jẹ́ kí n dé ìdajì ẹ̀ rí.'"

Olóyè àgbà kan fẹ̀yìn ti àga, ó di ojú kó lè ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Kíá ni Aránṣọ sọ ọwọ́ sílẹ̀.

"Kí ló dé tó dákẹ́?"

"Ó ní Bàbá ti lọ."

Olóyè la ojú. "Lọ síbo? Mo wà ńbí! Etí mi ṣí sílẹ̀."

"Ó ní etí kọ́ lòun ń bá sọ̀rọ̀, Bàbá."

Ààfin rẹ́rìn-ín. Olóyè fi ìka méjì gbé ìpéǹpéjú sókè, Aránṣọ sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì là ń gbé, ibẹ̀ náà ni mo ti ń ránṣọ. Oníbàárà á gun òkè wá, á kanlẹ̀kùn títí, a ò ní mọ̀. Wọ́n á padà lọ, wọ́n á ní mò ń gbéra ga. Gíláàsì kan péré ni mo fẹ́ kó fi sára ilẹ̀kùn, kí n lè máa rí ẹni tó wà níta. Gbogbo àdúgbò ló ti ṣe é fún! Oníbàárà mẹ́rin ló kù mí kù."

Iṣẹ́ ìránṣọ yẹn ló fẹ́ràn jù láyé, ó sì ń bọ́ lọ lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́.

"Káfíńtà, ṣé òótọ́ ni?"

"Irọ́ ni, Kábíyèsí," ni Káfíńtà fi ọwọ́ dáhùn, ògbufọ̀ sì ń túmọ̀ rẹ̀. "Eruku pákó ló máa ń kó sí mi lójú."

"Ọjọ́ Àìkú tó ò ṣiṣẹ́ ńkọ́?"

"Àdúrà ni mo máa ń gbà."

"Láàárín ọ̀rọ̀ ìyàwó ẹ?"

"Ibẹ̀ gan-an ni mo ti máa ń nílò àdúrà jù."

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí Káfíńtà, láńlọ́ọ̀dù tó ń gbé nísàlẹ̀ wọn.

"Kábíyèsí, ilé yẹn dákẹ́ rọ́rọ́. Ọdún mẹ́fà, n ò gbọ́ ìjà rí."

"Kò sí ariwo kankan?"

"Rárá o! Àfi ti pé obìnrin yẹn máa ń fẹsẹ̀ kilẹ̀ gbì gbì kí ọkọ ẹ̀ lè la ojú. Lọ́jọ́ Ẹtì, síméǹtì àjà já sínú ọbẹ̀ mi."

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ilé dákẹ́."

"Ó dákẹ́ ni, Kábíyèsí. Mo kàn ń jẹ síméǹtì ni."

"Àwọn oníbàárà tó ń kanlẹ̀kùn ńkọ́?"

"Mo máa ń sọ fún wọn pé kò sẹ́nì kankan nílé. Wọ́n kanlẹ̀kùn títí, wọn ò dáhùn!"

"Ṣé o mọ̀ pé adití ni wọ́n?"

"Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí mo ti mọ̀."

Kábíyèsí wò ó, ó wo àjà, ó tún wò ó.

Káfíńtà rí i pé ẹlẹ́rìí òun ti bà á jẹ́, ó bọ́ síwájú. "Ẹ jẹ́ n sòótọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ràn, tí ìyàwó yín bá ń sọ̀rọ̀, ẹ lè kọjú sí ògiri, kẹ́ ẹ máa ṣe 'hùn-ún, hùn-ún', kẹ́ ẹ máa ro nǹkan mìíràn. Èmi ńkọ́? Mo gbọ́dọ̀ wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin! Ìpéǹpéjú méjì yìí nìkan ni ibi tí mo lè sá sí."

Gbogbo olóyè ló ń mi orí. Kábíyèsí náà ti fẹ́ mi tiẹ̀, ó rántí pé Olorì wà lẹ́yìn òun, ó húkọ́.

"Gíláàsì yẹn, iṣẹ́ wákàtí mélòó ni?"

Káfíńtà wolẹ̀. "Wákàtí méjì."

"O fi oṣù mẹ́ta sá fún iṣẹ́ wákàtí méjì! Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Láti ọ̀la lọ, Káfíńtà, ìwọ gan-an ni gíláàsì. Wàá gbé àpótí jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn láti aago mẹ́jọ àárọ̀ di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá gòkè wá, wàá wọlé lọ sọ fún ìyàwó ẹ. O ò gbọdọ̀ tòògbé, o ò gbọdọ̀ di ojú. Láńlọ́ọ̀dù á jókòó nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, á máa ké sáwọn èèyàn pé wọ́n wà nílé."

"Èmi kẹ̀?" láńlọ́ọ̀dù figbe ta.

"Kábíyèsí," ni Káfíńtà fi ọwọ́ bẹ̀bẹ̀, "títí dìgbà wo?"

"Títí gíláàsì gidi á fi wá gba ipò ẹ."

"Tí òjò bá wá ń rọ̀ ńkọ́?"

"Ta ló rí gíláàsì ẹnu ilẹ̀kùn tó sá wọlé nítorí òjò?"

Káfíńtà kò dúró kí wọ́n tú ká. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti gé ilẹ̀kùn náà, ó sì ti fi gíláàsì sí i. Ìbẹ̀rù mú kó gé ihò náà tóbi débi pé férémù nìkan ló kù lára pákó.

Láàárọ̀ yìí, Aránṣọ jókòó nídìí ẹ̀rọ, ó rí oníbàárà àtijọ́ kan tó ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ tòun ti aṣọ lábíyá. Kí obìnrin náà tó na ọwọ́ láti kanlẹ̀kùn, Aránṣọ ti ṣí i. Ẹ̀rù ba oníbàárà, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun ti rò pé wọ́n ti kó lọ. Aránṣọ gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fa téèpù yọ, inú rẹ̀ sì dùn dénú egungun.