Ọ̀jọ̀gbọ́n Ogójì Ìṣẹ́jú

Ọjọ́ tí mo di ọ̀jọ̀gbọ́n fún ogójì ìṣẹ́jú, ọjọ́ náà ò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn ó fi sin mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra fi mí rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti fi ara mi rẹ́rìn-ín tó.

Iṣẹ́ fọtokọ́pì àti ìwé dídì ni mò ń ṣe ní Agbowó. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà mọ. Mo jókòó ṣe ìdánwò ìṣirò lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló gbé mi ṣánlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé àpilẹ̀kọ ìgboyè tí àwọn ọmọ yunifásítì gbé wá fún mi dì tí n kì í kà kí gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ tó gbẹ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣèlú lọ́nà yẹn, láìsan owó ilé-ìwé. Tí mo bá wá dé ìdí tábìlì oníwèé ìròyìn láàárọ̀, níbi tí àwa tí kì í rà á ti máa ń kà á lọ́fẹ̀ẹ́, ta ní fẹ́ bá mi jiyàn? Àwọn ara ibẹ̀ ló sọ mí ní Pírọ́ọ̀fù. Mo kọ́kọ́ ń ṣe bí ẹni tí kò fẹ́. Nígbà tó yá, tí ẹ bá pe orúkọ tí bàbá mi sọ mí, n kì í tètè dáhùn.

Lásìkò òjò ọdún tó kọjá, gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù wa dí pa. Omi wọlé bá wa lẹ́ẹ̀mejì. Ògiri kan ṣoṣo ló pààlà èmi àti Ìyá Tọ́lá tó ń ránṣọ. Omi ba aṣọ ìyàwó tó rán fún oníbàárà jẹ́, aṣọ funfun di aláwọ̀ ẹrẹ̀, obìnrin yẹn sì sunkún bí ọmọdé. Ó ní tó bá tún wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i, òun á palẹ̀ mọ́ ni, òun á padà sílé. A kọ lẹ́tà sí káńsù títí, kò sẹ́ni tó dá wa lóhùn.

Ìdí nìyí tí inú wa fi dùn nígbà tí ọmọbìnrin kan tó ń ṣe ètò lórí rédíò gbọ́ ohùn mi nídìí tábìlì ìwé ìròyìn, tó ní kí n wá bá ọ̀gá kan láti káńsù sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́. Ìyá Tọ́lá di ọwọ́ mi mú. “Bọ̀dá mi, ẹ bá wa sọ ọ́ o. Ẹnu yín ni wọ́n á gbọ́.”

Ọmọbìnrin yẹn wá bi mí pé, “Pírọ́ọ̀fù, ẹ̀ka wo lẹ ti ń kọ́ wọn ní yunifásítì, sà?”

Mo ní, “Ìmọ̀ ìṣèlú.” Ẹ má wulẹ̀ di ẹ̀bi ru èṣù. Ẹnu èmi gan-an ni.

Lọ́jọ́ náà, mo yá kóòtù àbúrò mi wọ̀, mo sì fi awò ojú kan sójú. Mo fa ìwé ńlá kan tó lẹ́yìn pupa yọ láìwo àkọlé rẹ̀ láàárín àwọn tí àwọn ọmọ yunifásítì ò wá gbà, mo fi há abíyá, nítorí abíyá ọ̀jọ̀gbọ́n kì í ṣófo. Mo wọ takisí Máíkírà lọ sí Ring Road. Àwa mẹ́rin la há sẹ́yìn. Bí mo ṣe ní kí n nawọ́ tìlẹ̀kùn, kóòtù ya fàà lábẹ́ apá. Láti ìgbà yẹn lọ, mo pa apá mọ́ra bí adìẹ tí òjò pa.

Mo dé ilé iṣẹ́ rédíò. Ọ̀gá káńsù yẹn, dókítà gidi ni, ìwé rẹ̀ pé. Ó dìde fún mi, ó tẹrí ba. Orí mi wú. Ó wá wo ìwé tí mo gbé sórí tábìlì.

“Ìwé tí ẹ kọ nìyí, sà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

Ó yí orí, ó ka ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi náà yọjú wò ó. Yéè! Ìwé lórí àrùn tó ń pa ẹja àrọ̀ ni.

Ètò bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ní àwọn ti kó gbogbo gọ́tà Agbowó, ó ní àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ òun. Mo ní irọ́ ni. Ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi mí pé, “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ibo lẹ ń gbé?”

“Bódìjà.” Irọ́ kẹta rèé.

“Ṣé ẹ ti fẹsẹ̀ ara yín wọ omi Agbowó yìí rí?”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìkà nìbéèrè yẹn! Omi yẹn ti mù mí dé itan. Ṣùgbọ́n kí ni ọ̀jọ̀gbọ́n Bódìjà ń wá nínú gọ́tà Agbowó? Mo ní, “Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ló ṣe ìwádìí rẹ̀.”

“Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ gbọ́ o,” ni ọ̀gá wí. “Wọ́n ní, wọ́n ní lásán ni.”

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ojú Ìyá Tọ́lá ló ń wá sí mi lọ́kàn. Àfi bí fóònù ṣe dún, tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ fúnra rẹ̀.

“Hẹ́lò? Bọ̀dá Fọtokọ́pì! Kí ló dé tí ẹ ń sọ̀rọ̀ bí àlejò? Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yin gan-an lẹ gun orí tábìlì lọ́jọ́ òjò, tí ẹ gbá ẹ̀rọ fọtokọ́pì mọ́yà bí ọmọ ìkókó, tí ẹ ń pariwo pé kí n gba yín!”

Ọmọbìnrin olóòtú ní, “Mà, ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì ló wà níbí.”

“Ọ̀jọ̀gbọ́n bí ti báwo? Àwa la fi Pírọ́ọ̀fù pè é ládùúgbò!”

Ọ̀gá káńsù ṣí ìwé pupa. “Ẹja àrọ̀ ńkọ́, sà?” Ọmọbìnrin yẹn bú sẹ́rìn-ín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ǹ bá wọlẹ̀.

Nígbà tí kò sí ibi tí mo fẹ́ sá sí mọ́, mo yọ awò ojú. Mo ní, “Ẹ dákun, ẹ foríjì mí. Irọ́ ni mo pa. Oníṣọ́ọ̀bù ni mí, omi yìí sì wọ ṣọ́ọ̀bù mi.” Mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo sọ ti aṣọ ìyàwó, mo sọ ti ẹkún Ìyá Tọ́lá. Mo dìde láti fi ibi tí omi dé lára ògiri hàn wọ́n, mo na apá síta, kóòtù àbúrò mi sì parí yíya rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá fi bírò kọ nǹkan sílẹ̀, ó ní, “Èmi náà ò débẹ̀ rí. Ìwé ni mo kà. Màá wá wò ó.”

Ó sì wá lóòótọ́, ó wọ bàtà òjò. Wọ́n gbẹ́ gọ́tà náà dé iwájú ṣọ́ọ̀bù Ìyá Tọ́lá, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ wọn bàjẹ́ sí. Wọn ò tíì dé iwájú tèmi dòní.

Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má kàwé o. Ìwé dára, òun ni mo fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n mo ní ẹ̀rí tèmi lẹ́sẹ̀, mo fi bàtà ẹlòmíràn bò ó, ìyẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé Ìyá Tọ́lá kúrò nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Nídìí tábìlì ìwé ìròyìn, Dókítà Ẹja ni wọ́n ń pè mí báyìí, mo sì ń jẹ́ ẹ.

Lóṣù tó kọjá, ọmọbìnrin rédíò yẹn tún pè mí pé kí n wá sórí ètò òun. Ó ní kí ni kí òun pè mí lórí afẹ́fẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Kí n tó lanu, Ìyá Tọ́lá ti gba fóònù lọ́wọ́ mi.

“Ẹ ní ẹni tí omi ṣì ń wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀,” ló wí. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí, mo sì wo ojú ọ̀run. Òjò ti ṣú.